Ọjọ́ tí Kúbúrá Mú Àlejò Gun Òkè Màpó

Nígbà tí Zulaihat pè láti Ìlọrin pé àwọn ń bọ̀ wá wo Ìbàdàn lọ́jọ́rú, irọ́ ni Kúbúrá kọ́kọ́ fẹ́ pa. Ó fẹ́ sọ pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í yá a lẹ́nu, kó sì tó rí èyí tó máa wí, Zulaihat ti ń to ètò rẹ̀ lọ: òun yóò sùn sí Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ Sọ̀fíyàt, àwọn méjèèjì yóò wọ mọ́tò ìdájí, wọn yóò fi ojúmọ́ kan rìn ká, wọn yóò sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní gbogbo ohun tí Kúbúrá fi ń yangàn fún àwọn ní Mẹ́kà, ojú àwọn ni àwọn fẹ́ fi rí i. Ó ní ó dìgbà náà, ó sì pa fóònù.

Ní Mẹ́kà ni àwọn obìnrin mẹ́ta yìí ti di ọ̀rẹ́, nígbà tí wọ́n lọ ṣe Hájì. Inú àgọ́ kan náà ni wọ́n kó wọn sí, ẹní wọn sì kángun sí ara wọn. Zulaihat ga, ó pupa, oúnjẹ ló ń sè tà ní Ìlọrin, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Sọ̀fíyàt kúrú, ó sì jẹ́jẹ́. Òwú aṣọ òfì ló ń tà ní Ìṣẹ́yìn, ó sì lè jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán kó má sọ ju gbólóhùn kan lọ. Kúbúrá ló jẹ́ akin láàárín wọn nígbà náà. Lọ́jọ́ tí èrò fẹ́ gbé Zulaihat lọ níbi tí wọ́n ti ń sọ òkò lu ṣàtánì, Kúbúrá ló gbá a lọ́wọ́ mú, tó fi èjìká lànà fún àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń la Ọjà'ba kọjá nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Bí wọ́n bá sì ti kírun Ìṣáì tán, òun náà ni í máa ròyìn Ìbàdàn fún wọn. Á sọ ti òpó Màpó tí apá ènìyàn mẹ́ta kò ká. Á sọ ti ìsọ̀ tánganran tí òun àti ọkọ òun jọ ní ní Ọjà'ba, tí abọ́ inú rẹ̀ ń dán débi pé ènìyàn lè wo inú wọn wé gèlè.

Ṣùgbọ́n Kúbúrá tó ròyìn yẹn kọ́ ló gbé fóònù dání lọ́jọ́ yìí. Alàájì Sàlámì, ọkọ rẹ̀, ti kú lọ́dún tó kọjá. Inú ìsọ̀ náà ni àìsàn ti dá a. Oníbàárà kan ní kó bá òun já abọ́ tó so rọ̀ lókè àjà, ó na ọwọ́ sí i, ó kàn rọra jókòó ni, kò sì lè dìde mọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Kúbúrá ṣe opó, ó tú opó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó tú u tán náà, kò jáde. Bushrah ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Àrẹ̀mọ ló ń ra ata àti iṣu wá fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ìdí tí ìsọ̀ fi wà ní títì, á sọ fún un pé orúnkún ń dun òun.

Lọ́jọ́rú, ó lọ pàdé wọn ní Bẹẹrẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú, afẹ́fẹ́ tutù, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ bí ọjọ́ náà yóò ṣe lọ: wọn yóò wo Màpó láti ìsàlẹ̀, wọn yóò lọ jẹun nílé ní Ìsàlẹ̀ Òsì níbi tí Bushrah ti ń dáná, òun yóò sì sìn wọ́n dé ibi mọ́tò kí Alásàrí tó tó. Kò fi Ọjà'ba sí i.

Zulaihat ti ń sọ̀rọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ó dì mọ́ Kúbúrá, ó bá a kẹ́dùn Alàájì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé wàrà tó gbé wá láti Ìlọrin lé e lọ́wọ́, ó sì béèrè ibi tí wọ́n máa ń tọ̀ ládùúgbò yìí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ̀fíyàt ní tirẹ̀ di ọwọ́ Kúbúrá mú, ó wò ó lójú títí.

"Ẹ ti rù," ló wí.

Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Kúbúrá fi ìka han Màpó fún wọn. Ó ní òun nìyẹn, pé ibi tí àwọn wà yìí náà ni ènìyàn ti ń rí i dáadáa jù, pé òkè ọ̀hún ga fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Zulaihat ní orúnkún tòun ló yẹ kí ó sọ̀rọ̀ nínú orúnkún tó wà níbẹ̀, àmọ́ òun kò lè ti Ìlọrin wá wo ilé láti òréré. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Ará ilé wá di ẹni tó ń tẹ̀lé àlejò lẹ́yìn.

Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé orí òkè. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọn ní ìkíni Mùsùlùmí, ó ní àwọn kan ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn lọ́wọ́, kí wọ́n wọlé bí wọ́n bá fẹ́. Zulaihat bi Kúbúrá pé kí ló wà nínú. Kúbúrá jẹ́wọ́ pé abẹ́ òkè yìí ni wọ́n bí òun sí, abẹ́ rẹ̀ ni òun ti lọ́kọ, àmọ́ òun kò wọ ibẹ̀ rí láyé òun.

"Ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ fọjú, Ìyá Bushrah," ni Zulaihat wí, ó sì fà á wọlé.

Gbọ̀ngàn náà ṣófo, ó tutù, ohùn wọn sì ń padà wá bá wọn láti òkè àjà. Kúbúrá dúró láàárín rẹ̀, ó ń wo ibi tó ga yẹn, ó sì yà á lẹ́nu pé inú òun dùn. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, Zulaihat rántí òpó. Ó ní kí àwọn wọ̀n ọ́n wò, ó fi àyà lé òpó kan, ó na apá méjèèjì. Sọ̀fíyàt tó kúrú na tirẹ̀ láti òdì kejì. Ìka wọn kanra. Kò tilẹ̀ kan ẹni kẹta nínú ẹni mẹ́ta tí Kúbúrá ròyìn. Zulaihat rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú, ó ní bí òpó bá rí báyìí, kí àwọn tún gbogbo ìròyìn Mẹ́kà gbé yẹ̀ wò. Kúbúrá náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀.

Wọ́n wá dúró síbi tí ènìyàn ti lè rí gbogbo ìlú. Òjò ti fọ páànù ìlú. Èyí tó dógùn-ún pọ́n bí ilẹ̀ pupa, wọ́n fara tira wọn sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Zulaihat ní kí ó fi ilé rẹ̀ han àwọn. Ìyẹn kò le. Kúbúrá wá mọ́sáláṣí wọn, ó rí i. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀nà láti ibẹ̀, ó dé ibi tó yẹ kí ó rí òrùlé agboolé wọn. Ilé alájà kan ló dúró síbẹ̀, ògiri rẹ̀ kò tíì gba ọ̀dà, igi tí àwọn bíríkìlà ń gùn ṣì wà lára rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí i láti mọ́sáláṣí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé kan náà ló tún bá níbẹ̀.

Zulaihat béèrè ta ló ni ilé náà. Kúbúrá kò mọ̀. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ. Kúbúrá kò mọ ìyẹn náà. Ilé tí òjìji rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojúlé Kúbúrá nìyẹn, ó ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ láìgbójú sókè, orí òkè Màpó ló ti kọ́kọ́ fi ojú kàn án.

Sọ̀fíyàt ló sọ̀rọ̀. "Ìyá Bushrah, ìgbà wo lẹ jáde nílé kẹ́yìn?"

Kúbúrá ní òun jáde lónìí. Sọ̀fíyàt ṣáà ń wò ó. Kúbúrá bá ní ìgbà tí Bushrah ṣe ìsọmọlórúkọ ni. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí.

"Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú," ni Sọ̀fíyàt wí, "n kò dé ìdí òwú fún odidi ọdún méjì. Mo ní n kò lè ṣe é láìsunkún. Ìgbà tí mo wá lọ, mo sunkún náà. Ẹkún tí mò ń sá fún jókòó síbẹ̀, ó ń dúró dè mí. Ìdí òwú ni mo ti sun ún, tí mo ń tajà. N kò rí ẹni tó lé mi."

Inú bí Kúbúrá díẹ̀. Ó ní tiwọn kò jọra, pé ọkọ Sọ̀fíyàt kò ṣubú sórí òwú. Ó ní ibi tí Alàájì jókòó sí lọ́jọ́ náà, òun mọ̀ ọ́n bí òun ti mọ àtẹ́lẹwọ́ òun, òun kò sì fẹ́ rí i. Sọ̀fíyàt kò jiyàn. Ó fa ìborùn rẹ̀ dáadáa.

Zulaihat ni kò lè dákẹ́. Ó ní ó dára, òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n òun ti sọ fún gbogbo ará ilé òun pé òun ń lọ ra abọ́ tánganran ní ìsọ̀ Kúbúrá. Bí ìsọ̀ bá wà ní títì, kí Kúbúrá mú òun lọ wo àgádágodo rẹ̀; bí òun bá ti fojú rí i, òun kò ní í parọ́ nílé.

Ọ̀rọ̀ náà pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nínú ẹ̀rín náà ni wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba.

Kúbúrá fẹ́ gba ẹ̀yìn ọjà, níbi tí àwọn ènìyàn kò ti ní í tètè dá a mọ̀. Wọn kò rìn jìnnà tí àwọn ará ọjà fi rí i. Ẹnìkan pe Ìyá Bushrah, ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn obìnrin ń dìde nídìí àtẹ wọn. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àìrí ara. Àwọn tí kò lè wá sílé nígbà tí Alàájì kú ń kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó gbá àwọn èwe mọ́ra, títí ó fi bá ara rẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ láìtíì ronú pé òun dé ibẹ̀.

Ojú ìsọ̀ náà mọ́. Ẹnìkan ti gbá a láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀. Morádéyọ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú, àdí àti kànìnkànìn nínú ìsọ̀ kejì ló ṣe é. Ìjọ Aládùúrà ni Morádéyọ̀ ń lọ, ó sì ti tó ogún ọdún tí òun àti Kúbúrá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fa Kúbúrá mọ́ra, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn kan ti wá tí wọ́n fẹ́ fi àtẹ jókòó síwájú ìsọ̀ náà, òun lé wọn. Ó ní òun ń sọ fún wọn pé ẹni tó ni ín lọ sí ìrìn àjò, ó ń bọ̀.

"N kò mọ ọjọ́ tí ẹ máa dé," ló wí. "Ẹ má bínú, gbígbá nìkan ni mo lè ṣe."

Kúbúrá wo àgádágodo tó ti dógùn-ún. Ó ní kọ́kọ́rọ́ wà nílé. Ó ní kí àwọn àlejò òun jókòó sórí bẹ́ńṣì Morádéyọ̀, òun ń bọ̀.

Òun nìkan ló rìn lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó kọjá lábẹ́ ilé alájà tuntun náà, bíríkìlà kan kí i láti orí igi, ó sì dá a lóhùn. Nílé, Bushrah ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, kò gbọ́ ìwọlé rẹ̀. Kúbúrá wọ yàrá, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú áńkáṣíìfù Alàájì tí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè dìde.

Ó rò ó pé bí òun bá jókòó pẹ́, ebi yóò pa àwọn àlejò, wọn yóò béèrè ọ̀nà ilé. Wọn yóò jẹun, àsìkò yóò lọ, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀, a kì í bá a wí. Ó gbọ́ bí Bushrah ti ń fi omọrogùn lu ìkòkò. Ó wá rí àwọn méjèèjì lọ́kàn rẹ̀, lórí bẹ́ńṣì, nínú ọjà tí wọn kò ti mọ ẹnìkan, tí Zulaihat yóò máa sọ̀rọ̀ káàkiri láti fi bo ojú, tí Sọ̀fíyàt yóò gbé ọwọ́ lé itan, tí àwọn méjèèjì yóò máa wo ọ̀nà tí òun gbà lọ. Gbogbo Ìbàdàn tóbi tó yìí, òun nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Àlejò tí ènìyàn bá mú jáde, òun náà ló yẹ kó mú un wọlé.

Ó dìde. Nígbà tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Bushrah rí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ iná kalẹ̀, ó di oúnjẹ sínú kúlà, ó gbé e lé orí, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Àgádágodo kò gbọ́. Morádéyọ̀ bu àdí sí ẹnu rẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, Kúbúrá tún un yí, ó ṣí. Nígbà tí ilẹ̀kùn lọ, eruku ló kọ́kọ́ kí wọn, lẹ́yìn náà òórùn èkúté. Wọ́n ti bí sínú tìmùtìmù àga Alàájì, òwú inú rẹ̀ fọ́n káàkiri. Àwọn abọ́ wà bí wọ́n ti wà, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, eruku bò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí bí ènìyàn ṣe máa mọ òdòdó ara wọn. Lókè àjà, láàárín àwọn tó so rọ̀, ọ̀kan wà tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Okùn rẹ̀ ti tú dé ìdajì.

Kúbúrá rí i. Gbogbo wọn rí i pé ó rí i.

Kúbúrá gun àpótí, ó na ọwọ́, ó tú okùn tó kù. Abọ́ náà bọ́ sí àyà rẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó jókòó sí ibi tí Alàájì jókòó sí, ó sì sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n ń sin ín, torí pé èrò pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà, òun ló sì ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí. Kò sí ẹni tó ní kí ó dákẹ́. Sọ̀fíyàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó béèrè omi.

Iṣẹ́ ló kù. Morádéyọ̀ mú ọṣẹ àti kànìnkànìn wá, kò sì gbà kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ owó. Zulaihat káṣọ dé ìgúnpá, ó jókòó ti báàfù, ó sì ń fọ abọ́ bí ẹni tó ń fọ ìkòkò ilé oúnjẹ rẹ̀. Bushrah ju tìmùtìmù nù. Sọ̀fíyàt ń nu abọ́ gbẹ, ó ń tò wọ́n sí ojú ọ̀nà, òdòdó pupa àti òdòdó búlúù wá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú oòrùn. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n kírun Àìlà, wọ́n jẹ àmàlà tó ti tutù, Zulaihat ní òun kò jẹ èyí tó dùn tó o rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kúnná dáadáa.

Wọn kò tíì fọ ìdajì tí obìnrin kan fi dúró. Ó ń wá abọ́ tí ó máa gbé fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Èyí tí okùn rẹ̀ tú ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí, nítorí pé ó dá wà lórí àga. Kúbúrá ní ìyẹn kò tíì wà fún títà. Ó fa òmíràn jáde tó ní ìdérí, ó fi ìka lù ú kí obìnrin náà gbọ́ bó ṣe ń dún, ó yí ìdí rẹ̀ sókè kó rí i pé kò họ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ló gbàgbé, nítorí iye tó máa ń tà á lọ́dún tó kọjá ló pè. Morádéyọ̀ wúkọ́ láti ìsọ̀ kejì. Kúbúrá wò ó, ó ní òun ṣì ń bọ̀ láti ìrìn àjò ni, ó sì pe iye mìíràn. Wọ́n ná an títí, wọ́n sì jọ gbà.

Bí ọjọ́ ṣe lọ nìyẹn. Àwọn àlejò kò rí ibòmíràn ní Ìbàdàn. Ilé ìṣọ́ gíga tí Zulaihat ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ délé. Nígbà tí Kúbúrá sìn wọ́n dé ibi mọ́tò, tí Zulaihat gbé abọ́ tánganran tuntun lérí bí ọmọge tó ń lọ sódò, ó ń ráhùn pé òun ti Ìlọrin wá fọ eruku Ìbàdàn, òun kò sì ní í dárí jì í àfi tí wọ́n bá tún pe òun. Kúbúrá ní ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n má wá lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá sùn.

Sọ̀fíyàt dì í lọ́wọ́ mú bíi ti àárọ̀. "Ó lè ṣòro lọ́la," ló wí. "Ẹ lọ náà."

Ó ṣòro lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹsẹ̀ Kúbúrá wúwo, orúnkún tó fi ń ṣe àwáwí tẹ́lẹ̀ wá ń dùn ún ní ti gidi nítorí òkè Màpó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó kí àwọn bíríkìlà, ó béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ni ilé tí wọ́n ń kọ́, wọ́n sì sọ fún un.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, Zulaihat pè é láti Ìlọrin láti mọ bó ṣe jí. Fóònù náà dún títí nínú àpò rẹ̀. Kúbúrá kò gbọ́. Ó wà lórí àpótí, ó ń so abọ́ rọ̀ sókè àjà, oníbàárà méjì sì ń fẹ́ kó dá àwọn lóhùn.